Aago Tó Fúyẹ́ Lọ́wọ́ Ìyá Àgbà

Láti ìgbà tí a ti sin Ìyá Àgbà, n kò lè jókòó sójú kan. Bí mo bá jókòó, màá tún dìde. Mo gbé ife tíì, mo ń gbé e sókè sódò bí ẹni tó ń rà á, mo tún gbé e kalẹ̀ láì mu ún. Àwọn ẹbí ní kí n kọ nǹkan nípa Ìyá Àgbà, nítorí pé tíṣà ni mí, èmi náà ni mo sì bá wọn gbé pẹ́ jù. Wọ́n ní kí n kọ ibi tí wọ́n bí wọn sí, ọkọ tí wọ́n fẹ́, iye ọmọ tí wọ́n bí. N kò ní kọ ìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye ọmọ wọn, kó wá sí agboolé wa ní Ẹdẹ nígbà Iléyá, kó wá ka àwọn tó ń jà sí ẹran.

Ọwọ́ wọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Òwò àjákù irin ni Ìyá Àgbà ṣe dàgbà. Wọ́n á ra ìkòkò tó ti jò, páànù àlòkù, àfọ́kù ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àti ohunkóhun tí ayé ti sú. Wọ́n á ṣa irin sọ́tọ̀, wọ́n á ṣa alumíníọ̀mù sọ́tọ̀. Alumíníọ̀mù yìí ni àwọn ọkùnrin kan ń yọ́ nínú iná ìléru lẹ́yìn agboolé wa, tí wọ́n ń dà á sínú iyanrìn tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò ìsebẹ̀. Àpótí ìjókòó Ìyá Àgbà wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Bí wọ́n bá mú nǹkan, wọ́n á gbé e sókè sódò lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Èyí tó bá wúwo, irin ni, ó di ẹ̀yìn wọn. Èyí tó bá fúyẹ́ di inú agbọ̀n tó ń lọ sínú iná. Wọn kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo bi wọ́n rí pé báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n, wọ́n ní, "Ojú lè purọ́ fún èèyàn, ọwọ́ ò mọ irọ́ pa."

Ohun gbogbo ni wọ́n ń fọwọ́ díwọ̀n. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, àwọn tó kù ń wo imú ọmọ, wọ́n ń wá ẹni tó jọ. Ìyá Àgbà gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sókè sódò bí ẹni pé àfọ́kù ẹ́ńjìnnì ni, wọ́n ní ó wúwo, yóò dàgbà. Ṣáájú ìgbà náà, ọjọ́ tí mo mú ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ wá kí wọn, ó dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kó dìde, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì ín. Ìtìjú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ó lọ tán kí wọ́n tó sọ fún mi pé ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ jù, pé ọwọ́ tó fúyẹ́ báyẹn ò lè di obìnrin mú. Mo bínú, mo sì fẹ́ ẹ. A ṣì wà papọ̀ títí di òní. Ọdọọdún ni mo máa ń rán wọn létí, wọn kì í sì í gbà pé àwọn ṣàṣìṣe. "Ìwọ lo di òun mú," ni wọ́n máa ń wí.

Bí mo bá fi gbogbo rẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀, n kò sọ òtítọ́. Ìbẹ̀rù wà nínú ìwọ̀n yẹn. Ayé sójà la wà nígbà náà. Ìjọba ní kí oníkálùkù fún ìgbànú rẹ̀ le. Owó oṣù àwa tíṣà kì í wọlé lásìkò, ìdí nìyẹn tí mo fi kó ẹrù mi padà sí yàrá Ìyá Àgbà kí n tó lọ́kọ. Gbogbo nǹkan ló ń fúyẹ́ sí i, tí owó rẹ̀ sì ń gòkè. Ọṣẹ kì í pẹ́ kó tó yọ́ tán. Ìwé tí àwọn ọmọ iléèwé mi ń kọ nǹkan sí tín-ín-rín bí èèpo àlùbọ́sà. Búrẹ́dì wá rí bákan, bí o bá tẹ̀ ẹ́, á wọlé pátápátá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan Ìyá Àgbà gbé búrẹ́dì padà fún obìnrin tó ń tà á lẹ́nu ọ̀nà wa.

"Ìyá, bí gbogbo ẹ̀ ṣe rí nìyẹn o," obìnrin náà wí. "Kì í ṣe èmi ni mo ṣe é."

"Mo mọ̀. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú ẹ̀ ni mo dá padà. Yọ ọ́ kúrò, kí o fún mi ní ìyókù."

Ìgbà kan tún wà tí wọ́n gbé mílíìkì alágolo wá sí ìlú. Sójà kan tó mú kóbókò dání ń to àwa èèyàn sórí ìlà, a sì dákẹ́ bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nà. Ó kan Ìyá Àgbà. Wọ́n gba agolo, wọ́n gbé e sókè sódò, wọ́n nà án padà sí sójà. "Ọmọ mi, gbé e wò. Kò kún." Ẹ̀rù bà mí débi pé mo fẹ́ sọ pé n kò mọ̀ wọ́n rí. Sójà náà wò wọ́n títí, ó gbé agolo náà wò, ó mú òmíràn, ó gbé ìyẹn náà wò, ó sì pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí a ń lọ sílé, Ìyá Àgbà kàn ní, "Kóbókò ọwọ́ ẹ̀ gan-an ò wúwo."

Inú irú ayé yìí ni Kàmọ́rù gbé aago rẹ̀ wọ̀. Kàmọ́rù ni àbígbẹ̀yìn wọn, àbúrò bàbá mi. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju tèmi lọ, àwo kan náà la ti jọ jẹun, n kì í sì í pè é ní bọ̀dá àfi bí mo bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ń bá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sá eré ìje. Nígbà tí owó ṣì wà, ó ra aago àwọn eléré ìdárayá kan lọ́wọ́ òyìnbó tó ń padà sílé. Lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ ní àwọn ń dín èèyàn kù, wọ́n sì dá Kàmọ́rù dúró. Ó dé sí Ẹdẹ pẹ̀lú báàgì kan àti aago náà. Ó ní agbaṣẹ́ṣe kan ní Òṣogbo ti ṣèlérí láti rà á lọ́wọ́ òun bó bá rí owó kó jọ, kí òun lè fi owó náà dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Títí di ìgbà náà, kò jẹ́ kó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Àárọ̀ àárọ̀ ló ń sáré. Ní Ẹdẹ ayé ìgbà náà, àgbàlagbà kì í sáré láìsí ìdí. Ọjọ́ kan ló sáré dé ọ̀nà Alajue, àgbẹ̀ kan rí i tó ń bọ̀, àgbẹ̀ ju ọkọ́ sílẹ̀, òun náà bẹ́ sínú eré. Àwọn méjèèjì sáré títí èémí fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú àgbẹ̀ náà kó tó béèrè pé, "Sójà náà pọ̀?" Kàmọ́rù ní kò sí sójà kankan, òun kàn ń na ẹsẹ̀ ni. Àgbẹ̀ náà wá sí agboolé wa lọ́sàn-án láti fẹjọ́ sùn. Ìyá Àgbà fún un lómi mu, wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ní, "Ẹ má bínú. Ọmọ mi ò rí ibi tí yóò sá lọ ni."

Ìjà aago bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí Kàmọ́rù bọ́ ọ sí àtẹ́lẹwọ́ wọn. Ìyá Àgbà gbé e sókè sódò. Wọ́n tún gbé e. Wọ́n bi í ní iye tó rà á, ó sọ ọ́, wọ́n ní kó tún un sọ. Owó náà tó kọ́ yàrá méjì, kó sì kù.

"Kàmọ́rù, wọ́n lù ọ́ ní jìbìtì. Kò sí nǹkan nínú ẹ̀."

"Ìyá, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Irú irin tí wọ́n ń lò fún ọkọ̀ òfuurufú ni. Taiténíọ̀mù ni wọ́n ń pè é. Òógùn ò lè jẹ ẹ́, kì í dípẹtà. Bí mo bá ń sáré, aago tó wúwo á máa gbá mi léegun. Èyí, mo máa ń gbàgbé pé ó wà lọ́wọ́ mi."

"O san owó yàrá méjì kí o lè gbàgbé?"

"Iṣẹ́ tó wà lára ẹ̀ ni mo sanwó fún, kì í ṣe ìwọ̀n ẹ̀."

"Iṣẹ́ wo? Aago mọ́ṣáláṣí wa tóbi ju orí ẹ lọ, ọ̀sán kan náà ló ń sọ."

Kàmọ́rù rò pé òun ti rí wọn mú nígbà tó rántí léèsì tí wọ́n rà fún Iléyá. "Léèsì yín ńkọ́? Ó fúyẹ́ ju àǹkárá lọ, ihò ló kún inú ẹ̀, ẹ sì san ìlọ́po owó àǹkárá lé e." Mo pàtẹ́wọ́ fún un. Ìyá Àgbà rò ó díẹ̀. "Léèsì tèmi bo ara," ni wọ́n wí. "Kí ni aago tìẹ bò?"

Ọ̀rọ̀ yìí kò tán nílé wa. Tí wọ́n bá ń jẹun, wọ́n á jà lé e. Tí wọ́n bá kírun tán, wọ́n á tún gbé e dé. Lọ́jọ́ kan mo wà lẹ́yìn Kàmọ́rù, lọ́jọ́ kejì mo wà lẹ́yìn Ìyá Àgbà, títí di ìsinsìnyí mo ṣì ń bá ara mi jiyàn. Ó rọrùn láti mú kí nǹkan wúwo. Láti mú ìwúwo kúrò lára rẹ̀ láìjẹ́ pé ó di yẹpẹrẹ, iṣẹ́ ńlá nìyẹn, oníṣẹ́ á sì gba owó rẹ̀. Èyí yé mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá rántí pé àwa tíṣà ń fi gààrí sùn, tí ọkùnrin kan sì so yàrá méjì mọ́ ọrùn ọwọ́, orí mi á tún gbóná. Ohun tí Ìyá Àgbà kórìíra jù kọ́ ni owó náà. Wọ́n kórìíra nǹkan tí yóò kúrò lára èèyàn tí onítọ̀hún kò ní mọ̀. "Ohun tí mo bá fi òógùn mi rà," wọ́n ní, "kó jẹ́ kí n mọ̀ pé òun wà níbẹ̀."

Nǹkan mìíràn wà tí a kì í sọ nílé. Ojú Ìyá Àgbà ti ń lọ. Wọn kì í kí èèyàn mọ́ àfi bí onítọ̀hún bá kọ́kọ́ la ẹnu. Wọ́n á bu omi, omi á gba ẹ̀gbẹ́ ife lọ. Bí mo bá ní ká lọ rí dókítà ní Òṣogbo, wọ́n á ní oòrùn ló mú àwọn lójú. Ẹ̀rù ń bà wọ́n nítorí àpótí ìjókòó yẹn. Ìkòkò méjì ti sán lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe ìkòkò, nítorí pé irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dàpọ̀ mọ́ ohun tí wọ́n yọ́, Bàbá Sùlé tó jẹ́ olórí wọn sì ti wá bá Ìyá Àgbà sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́. "Ìyá, ẹ má bínú. Bí nǹkan tí kò yẹ bá tún fi bọ́ sínú agbọ̀n, a ó ní láti wá ẹlòmíì tí yóò máa ṣà á." Ìyá Àgbà ní kí ó lọ wo iná rẹ̀ dáadáa. Èmi mọ̀ pé bí wọ́n bá gba àpótí yẹn lọ́wọ́ wọn, ọjọ́ náà gan-an ni wọn yóò di arúgbó.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, Kàmọ́rù wá ṣe àlùwàlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi iṣẹ́ kó lè kírun Àìlà. Ó bọ́ aago, ó gbé e lé etí abọ́ ńlá tí àjákù tí wọn kò tíì ṣà wà nínú rẹ̀. Ó kírun tán, ó bá àwọn èèyàn tàkúrọ̀sọ, ó lọ. Ohun tó fi máa ń yangàn náà ló pa á lára: kò mọ̀ pé ọwọ́ òun ṣófo. Ìgbà tó fẹ́ wo àkókò ló pariwo. A tú ẹní, a tú àpò, a gbọn bùbá, a wo abẹ́ kẹ́tùlù omi. Ìyá Àgbà náà ń bá a wá a, wọ́n ń ṣépè fún ẹni tó jí i. Iná ìléru ń hó ní tirẹ̀.

Nígbà tí Bàbá Sùlé da alumíníọ̀mù yíyọ́ sínú iyanrìn tán, nǹkan kan ṣẹ́kù sí ìsàlẹ̀ ìkòkò ìyọ́rin tó kọ̀ láti yọ́. Ó fi ẹ̀mú fà á jáde. Ara aago náà ni. Gíláàsì ti lọ, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ti lọ, ó ti dúdú, ó tún ń dán bí àyìnrín níbì kan, ṣùgbọ́n ó ṣì yí róbótó bí wọ́n ṣe ṣe é. Mo wo Ìyá Àgbà. Ọwọ́ wọn wà nínú abọ́, kò sì lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn.

"Ta ló ṣa eléyìí sínú agbọ̀n?" Bàbá Sùlé béèrè. Kì í ṣe Kàmọ́rù ló ń wò.

Kàmọ́rù ni ó dáhùn. "Èmi ni mo jù ú sí i."

"Ìwọ? O ti ń wá a láti ọ̀sán!"

"Ojú ló tì mí. Ìyá ní yẹpẹrẹ ni. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá yóò yọ́."

Ẹ̀rín bú láàárín àwọn tó ń ṣe ìkòkò. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹnì kan fi jókòó sílẹ̀. Bàbá Sùlé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ara aago náà sọ́wọ́ nígbà tó tutù, ó ní ohun tí kò yọ́ nínú iná òun kì í ṣe nǹkan kékeré. Ìyá Àgbà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi ìka pa á yí ká. "Ara ló wá rà," ni wọ́n wí. "Aago ni mo rò pé ó rà."

Ọ̀rọ̀ mìíràn kò jáde lẹ́nu wọn lọ́jọ́ náà, ìyẹn sì ni mo ń bá wọn jà lé lórí títí tí wọ́n fi kú, mo ṣì ń bá wọn jà báyìí. Wọ́n jẹ́ kí ọmọ wọn ru ẹ̀bi náà. Kàmọ́rù di Asunaago nígboro. Àwọn ọmọdé ń pè é bẹ́ẹ̀ bó bá ń sáré kọjá, àwọn ìyá wọn á sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ẹni tí agbaṣẹ́ṣe Òṣogbo rán wá ra aago gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lójú ọ̀nà, ó yí padà láì dé ilé wa. Ṣọ́ọ̀bù ti di àlá. Kàmọ́rù kò wí nǹkan kan fún ìyá rẹ̀, kò tilẹ̀ wò wọ́n ní ìwò ẹni tó fẹ́ kí wọ́n dúpẹ́. Ìyá Àgbà sì ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, wọ́n ń jókòó sórí àpótí, wọ́n ń gbé nǹkan kan náà sókè sódò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mo gbà pé wọ́n nífẹ̀ẹ́ ọmọ wọn. Mo gbà náà pé wọ́n nífẹ̀ẹ́ àpótí yẹn, mo sì bínú sí wọn gidigidi.

Mo bá wọn nídìí ìkòkò ọbẹ̀, mo sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ bò. "Ìyá Àgbà, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe Kàmọ́rù."

Wọ́n ro ọbẹ̀ títí. "Ọwọ́ mi ló ṣe é, kò bi mí," ni wọ́n wí, wọ́n sì ní kí n fún àwọn níyọ̀.

Ó di ọjọ́ Jímọ̀. Nígbà tí àwọn ọkùnrin ti mọ́ṣáláṣí dé, tí wọ́n fẹ́ dá iná, Ìyá Àgbà jáde nínú yàrá. Wọ́n wọ léèsì yẹn. Mo rò pé òde ni wọ́n ń lọ, mo tẹ̀ lé wọn. Ibi iṣẹ́ ni wọ́n lọ. Wọn kò jókòó. Wọ́n fi ẹsẹ̀ wá àpótí wọn, wọ́n rí i, wọ́n dúró tì í. Kàmọ́rù wà níbẹ̀, ó ń bá wọn po iyanrìn nítorí kò rí iṣẹ́ mìíràn.

"Bàbá Sùlé, ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

"Mo wà níwájú yín, Ìyá."

"Ẹ forí jì mí. Aago tí ẹ fi ń pe ọmọ mi ní wèrè, èmi ni mo jù ú sínú agbọ̀n. N ò rí i. Ó ti pẹ́ tí n ò ti ríran. Ìkòkò méjì tó sán, èmi náà ni, iná yín ò ṣe nǹkan kan. Ọmọ yìí purọ́ kí ẹ má baà lé mi, mo sì jẹ́ kó purọ́. Ẹ wá ẹni tí yóò máa ṣà á."

Bàbá Sùlé ní, "Ìyá, ẹ jókòó ná."

"Mo ti jókòó tó."

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó jókòó sílẹ̀ nítorí ẹ̀rín lọ́jọ́ kìíní ń wo iyanrìn. Ìyá Àgbà na ọwọ́ wọn jáde sínú afẹ́fẹ́, síbi tí Kàmọ́rù kò sí, wọ́n sì pè é. Kàmọ́rù gbọn iyanrìn dànù, ó rìn lọ pàdé ọwọ́ náà níbi tó wà, ó dì í mú. Mo sunkún níbẹ̀, ojú kò tì mí.

A jọ bọ́ sí títì lọ́sàn-án gangan, lójú gbogbo ayé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tí ẹnì kan di Ìyá Àgbà mú rìn.

"Owó yẹn pọ̀ jù ṣá o, Kàmọ́rù," ni wọ́n wí.

"Ó pọ̀ jù, Ìyá."

Wọ́n rìn díẹ̀ sí i. "Ó yá, sọ ohun tí ò ń rí fún mi."

Ọkàn Kàmọ́rù kò lélẹ̀. Ó wò yí ká bí ẹni tí wọ́n ní kó kàwé tí kò mọ̀. Ó ní ewúrẹ́ kan dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà agboolé iwájú. Ó ní wọ́n ti kun ilẹ̀kùn ilé alátẹ ní búlúù. Ó ní ọmọ kan ń gun kẹ̀kẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tólẹ̀.

"Má fo ìkankan," ni Ìyá Àgbà wí. "Irú búlúù wo?"